Adùn Ní Í Gbẹ̀yìn Ewúro

Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ẹni tó bá ti jẹ ewúro tí wọn kò fọ̀ dáadáa mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ahọ́n á kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ojú á fún pọ̀, àmọ́ bí onítọ̀hún bá mu omi tútù lé e, omi náà á máa dùn lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi oyin sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni obì, bẹ́ẹ̀ náà ni orógbó. Àwa tí wọ́n fi nǹkan wọ̀nyí ṣàdúrà fún lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kò yẹ kí ìkorò máa dẹ́rù bà wá. Síbẹ̀, bí mo bá bu ṣokoléètì dúdú fún ọ̀rẹ́, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ṣé oògùn ibà nìyí ni?" Èsì kan náà ni mo máa ń fọ̀: "Dúró ná."

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Ìkẹjà. Agídíńgbì ni mo ti máa ń bọ́ọ́lẹ̀ láàárọ̀, ládùúgbò tí ilé iṣẹ́ Cadbury wà, àwọn tó ń ṣe Bournvita. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́ sọ́dọ̀ wa, òórùn kòkó á gba títì kan, á bo èéfín ọkọ̀ mọ́lẹ̀, á sì rán èèyàn létí pé kò tíì jẹun. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́, ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti apá Oǹdó, ló kọ́kọ́ ṣẹ́ díẹ̀ fún mi lára ṣokoléètì tí wọ́n kọ 70% sí lára. Mo ti ń rún un nígbà tó dá mi dúró. "Má rún un. Fi ahọ́n tì í mọ́ àjà ẹnu, kí o wá máa wò ó." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkorò ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan tó kan díẹ̀ bí èso yọjú, ó jọ ìgbà tí èèyàn bá ń lá ara hóró kòkó tútù lóko. Ìgbẹ̀yìn ló wá dùn, adùn náà kò sì tètè lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì kù lọ́wọ́ yín?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Kòkó kì í ṣe àlejò ní Agége tó wà nítòsí wa rárá. J. P. L. Davies, ọ̀gá atukọ̀ àti oníṣòwò ńlá ní Èkó, tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ló gbin kòkó sí Ijon, ní agbègbè Agége, ní nǹkan bí ọdún 1880. Òwò rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà yẹn, gbèsè ti mú un, ló bá gba oko lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ìjọ African Church, dá oko ńlá sílẹ̀ ní Ifàkò. Nígbà tó di 1907, àwọn olóko náà kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Agege Planters' Union. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn láti ilẹ̀ òkè, nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n di irúgbìn kòkó mọ́ ẹrù, wọ́n sì mú ìmọ̀ rẹ̀ dání. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí kòkó gbà dé Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó nìyẹn. Ẹ wo Ifàkò lónìí: òrùlé ló kún ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àti ilé alájà mẹ́ta. Bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀, mo máa ń rò ó pé lábẹ́ sìmẹ́ǹtì yìí ni gbòǹgbò igi kòkó ti wà rí.

Ní 1879, nígbà tí ọ̀rọ̀ Ijon kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, Rodolphe Lindt ní ilẹ̀ Switzerland ṣe ẹ̀rọ tó ń po ṣokoléètì fún wákàtí gbọọrọ títí á fi kúnná, tí kò ní dà bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àwa ń gbìn ín, àwọn ń pò ó. Ó ti lé ní ogóje ọdún báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ kòkó kò sì tíì fi ẹnu kan ṣokoléètì gidi rí. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó fọ́ kòkó, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, tó sá a sóòrùn, kò fi ní mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn gan-an ni adùn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkó tí wọn kò bò dáadáa lóko, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí bí a ṣe ń rà á. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bébà dúdú àti lẹ́tà góòlù kò sọ ohun tó wà nínú. Ẹ yí i padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣúgà ló ṣáájú, súìtì lẹ rà. Kòkó ló yẹ kó ṣáájú, kí ọ̀rá inú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rá kòkó, kó má jẹ́ òróró mìíràn. Bí wọ́n bá kọ 70%, ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ara kòkó wá, ṣúgà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbọ̀n tó kù. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, kó má fi 85% bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kó bẹ̀rẹ̀ láti 50%, kó gòkè sí 60% lẹ́yìn oṣù kan, ahọ́n fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè fún èyí tó kàn.

Ooru Èkó ni ọ̀tá ṣokoléètì. Ọ̀rá kòkó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara èèyàn sì wà ní 37. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ́ lẹ́nu láìsí wàhálà. Ìdí yẹn náà ló fi ń yọ́ nínú ọkọ̀ tí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ bá dá dúró ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà ní aago méjì ọ̀sán. Mo ra ọ̀kan nígbà kan ní ṣọ́ọ̀bù tí iná ti lọ níbẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí mo tú u nílé, nǹkan funfun ti bò ó bí ẹfun. Mo rò pé ó ti bu, mo fẹ́ jù ú nù. Ẹ̀gbọ́n mi ọjọ́sí ló là mí lóye pé ọ̀rá rẹ̀ ló yọ́, tó tún dì, tó wá jáde sára. Kò lè pa èèyàn lára, àmọ́ kò ní kúnná lẹ́nu mọ́. Irú èyí, inú tíì tàbí omi gbígbóná ló yẹ. Ẹ rẹ́ atalẹ̀ sínú omi, ẹ jẹ́ kó hó, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá yọ́ ṣokoléètì náà sínú rẹ̀. Àwọn ará Mexico àtijọ́, mímu ni wọ́n ń mu kòkó, wọ́n a sì fi ata sí i.

Bó bá di dandan kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, ẹ fi bébà wé e, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí tó le. Ọ̀rá kòkó máa ń fa òórùn mọ́ra. Ṣokoléètì tó bá sun inú fíríìjì kan náà pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ, ọbẹ̀ ni yóò máa rùn. Ẹ gbé e jáde ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó jẹ ẹ́, torí èyí tó tutù jù kì í sọ ohun tó ní sínú fún ahọ́n.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ, kí ẹ gbọ́ ìró rẹ̀: èyí tó dára á dún "pá". Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó fi sẹ́nu. Ìpékeré oníyọ̀ bá a mu dáadáa, ẹ̀pà sísun náà bá a mu. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ, búrẹ́dì Agége ni. Ìdájí ni kí ẹ lọ, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o jáde látinú ààrò, tí ọ̀rá ike tí wọ́n fi wé e ṣì ń làágùn nínú. Ẹ má gé e, ẹ ya á. Ẹ ki ṣokoléètì méjì sí àárín rẹ̀, ẹ pa á dé, kí ẹ kà dé ọgọ́ta. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ó ti rọ̀, kò tíì ṣàn, ó kàn lẹ̀ mọ́ búrẹ́dì, tó ń dán. Búrẹ́dì wa dùn díẹ̀, ó sì rọ̀ bí òwú. Ìkorò náà rí ibi sùn sí.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Gíráàmù 100 nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 kálórì, nítorí náà ègé méjì tàbí mẹ́ta ti tó lójúmọ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí oorun kì í tètè kùn, kó má jẹ ẹ́ lálẹ́. Ẹ má sì fún ajá yín jẹ láé, torí májèlé ni fún ajá. Owó kòkó náà fò sókè gan-an ní 2024: iye tí wọ́n ta tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé nígbà náà kọjá 10,000 dọ́là.

Bí ẹ bá kọjá ní Agídíńgbì lọ́sẹ̀ yìí, tí òórùn yẹn sì pàdé yín, ẹ ra kékeré kan, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ bu díẹ̀ fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Bó bá fẹ́ tu ú dànù, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dúró ná.