School àti Súkúù: Ìtumọ̀, Orísun àti Ìpè Ọ̀rọ̀ Kan Tí Olùkọ́ Ń Lò Lójoojúmọ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ojoojúmọ́ ni àwa olùkọ́ ń pe school, síbẹ̀ díẹ̀ nínú wa ni ó ti bèèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Àìbèèrè yìí a máa pa akẹ́kọ̀ọ́ lára. Bí ọmọ bá pè é ní súkúù, àwọn olùkọ́ kan a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a ní ó ba èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé súkúù kì í ṣe àṣìpè lásán. Òfin èdè Yorùbá ni ó bí i.

Ìtumọ̀

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, school lè jẹ́ ibi tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ àkókò ẹ̀kọ́, ó sì lè jẹ́ ọ̀wọ́ àwọn onímọ̀ tí èrò wọn ṣọ̀kan. School tí a fi ń pe ọ̀wọ́ ẹja inú omi jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó wá láti inú èdè Dutch. Àkọtọ́ àti ìpè nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀.

Orísun

Skholē ni ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Gíríìkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìsinmi, àyè tí ènìyàn ní nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Àwọn tí ó ráyè a máa fi àyè náà ronú, wọn a sì máa fi jíròrò ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Báyìí ni ìtumọ̀ náà ṣe di ẹ̀kọ́, tí ó sì wá di ibi ẹ̀kọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí wa: ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ni àwọn àgbà ń fi àlọ́ kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n.

Èdè Látíìnì yá a ní schola, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sì pè é ní scōl. Lẹ́yìn náà ni a fi h sí àkọtọ́ rẹ̀ láti fara wé Látíìnì. Ìdí nìyí tí ch inú rẹ̀ fi ń dún bí k, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú chorus àti character, tí àwọn náà ti inú èdè Gíríìkì wá, tí kò fi dún bí ti child.

Àwọn ajíyìnrere ni wọ́n mú ilé-ìwé irú èyí wọ ilẹ̀ wa. Ti Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀ ní 1843. CMS Grammar School ti Èkó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1859.

Ìpè

Sílébù kan ṣoṣo ni school ní. Kọ́ńsónáǹtì méjì, s àti k, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì l ni ó parí rẹ̀. Èdè Yorùbá kò fàyè gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, kò sì gba kọ́ńsónáǹtì ní ìparí ọ̀rọ̀. Nítorí náà:

(i) a fi fáwẹ́lì u ya s àti k nípa; bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe rí búrẹ́dì àti kíláàsì;

(ii) a pa l ìparí jẹ. Nínú bọ́ọ̀lù, fáwẹ́lì ni a fi kún un dípò pípajẹ;

(iii) a fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn. Sú-kú-ù wá di sílébù mẹ́ta.

Ìlò rẹ̀ ní kíláàsì

Kí olùkọ́ kọ school àti súkúù sójú pátákó, kí ó ní kí àwọn ọmọ máa pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ti ń ka sílébù wọn. Wọn yóò rí i fúnra wọn pé ẹ̀ẹ̀kan ni ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ti Yorùbá. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fa ìró s gùn, kí wọ́n sì bọ́ sórí k láìfi fáwẹ́lì kankan sí i láàárín.

Ìkádìí

Ní àkókò ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí a kọ́ ọmọ láti pe school bí ó ti yẹ. Ní àkókò ẹ̀kọ́ Yorùbá, súkúù àti ilé-ìwé kò ní àbùkù. Ọmọ tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ yóò pa ẹnu mọ́, ẹni tí ó bá sì pa ẹnu mọ́ kò lè kọ́ èdè kankan.