Omi Tí Ń Dáná: Bí A Ṣe Lè Fi Omi Kó Oòrùn Jọ

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí omi àti iná. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀tá ara wọn ni àwọn méjèèjì. Bí omi bá dé, iná á kú. Ṣùgbọ́n omi kan náà, bí a bá fún un ní ìrísí tí ó yẹ, lè kó ìtànṣán oòrùn jọ sí ojú kan títí omi inú ìkòkò yóò fi hó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín ìdáná inú ilé ṣokùnfà ikú wọn káàkiri àgbáyé. Àwọn ìyá wa àti àwọn arábìnrin wa ni wọ́n ń fẹ́ igi tútù níná títí ojú wọn yóò fi pọ́n. Ohunkóhun tí ó bá lè yọ wọ́n nínú èéfín yẹn fún wákàtí kan péré tó ohun tí à ń jókòó kọ́.

Bí a bá ti igi bọ inú omi, yóò dà bíi pé igi náà ṣẹ́. Igi kò ṣẹ́; ìmọ́lẹ̀ ni ó yà lójú ọ̀nà níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé. In'itaf ni àwọn onímọ̀ tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé ń pè é. Ní nǹkan bí ọdún 984, Ibn Sahl kọ ìwé kan ní Baghdad lórí àwọn harraqat, ìyẹn àwọn ohun èlò tí a fi ń kó oòrùn jọ láti fi jó nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ sarf yóò rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Nínú ìwé yẹn ni ó ti lo òfin tí ìmọ́lẹ̀ fi ń yà. Snell, ará Họ́láńdì, rí òfin kan náà ní 1621, orúkọ tirẹ̀ ni ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sì ń dá. Ọdún 1990 ni Roshdi Rashed tó ṣàlàyé iṣẹ́ Ibn Sahl fún aráyé. Lẹ́yìn Ibn Sahl, Ibn al-Haytham, ọmọ Basra, kọ̀wé lórí dígí róbótó tí ń jó nǹkan. Kamal al-Din al-Farisi sì rọ omi kún inú dígí róbótó láti fi mọ bí òṣùmàrè ṣe ń yọ. A kò sọ èyí láti fi yangàn. Ẹni tí ń fi bàbá ńlá yangàn tí kò dáná, ebi ni yóò pa á.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á dáná. Ẹ ní kí wẹ́dà jó irin róbótó kan fún yín, kí fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70. Ẹ ta ọ̀rá tí ó nípọn tí ó sì mọ́ gaara sí i, kí ó dẹ̀ díẹ̀, kí ẹ so etí rẹ̀ le dáadáa. Ẹ gbé e ka orí òpó mẹ́rin tí gíga wọn tó mítà 2, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá ti ń da omi sí i, ọ̀rá náà yóò máa yọ ikùn sísàlẹ̀. Nígbà tí ikùn yẹn bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ sísàlẹ̀, omi tí ó wà nínú rẹ̀ ti tó nǹkan bíi lítà 20. Kílò 20 nìyẹn, òpó jẹgẹjẹgẹ kò lè gbà á. Òkè tẹ́, ìsàlẹ̀ yọ ikùn: léńsì nìyẹn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ní nǹkan bíi mítà 2, ni ìtànṣán yóò ti pàdé. Ká ní dígí ni, ì bá pàdé ní mítà 1.3, omi kì í tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bí dígí ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Kí ni ó lè sè? Bí oòrùn bá mú ganrínganrín lọ́sàn-án, agbára tí ó ń bọ́ sórí irin róbótó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 385. Omi fúnra rẹ̀ yóò gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru náà, díẹ̀ yóò sì ṣòfò lójú ọ̀rá. Ká sọ pé wáàtì 200 ni ó dé ìdí ìkòkò. Láti mú lítà omi kan hó, yóò gbà tó ìṣẹ́jú 25, bí ìkòkò kò bá pàdánù ooru rárá. Afẹ́fẹ́ kò ní gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lo ìkòkò tí ìdí rẹ̀ dúdú, kí ẹ dé e. Omi ẹ̀bà, omi tíì, ẹyin sísè: èyí kò kọjá agbára rẹ̀. Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀wà.

Ìdí ni pé omi kò ṣe é dà gbẹ̀gẹ́ bí ẹni ń da awò ojú. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà ọjọ́kanrí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ dára. Níbí ni ilẹ̀ wa ti rí ojú rere. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró sórí wa gan-an, ní ìbẹ̀rẹ̀ Épírì àti ìbẹ̀rẹ̀ Sẹ̀tẹ́ńbà, ní nǹkan bí aago 12:45 ọ̀sán. Ní Dìsẹ́ńbà ó yà sí gúúsù ní ìwọ̀n dígírì 31, ọyẹ́ sì tún ń bo ojú ọ̀run. Síbẹ̀, ọjọ́ tí oòrùn ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù Júùnù, díẹ̀ ni ó fi sàn ju ti Ìbàdàn ní Dìsẹ́ńbà. Oòrùn kì í sì í dúró: bí ó ti ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni ojú iná ń sún sí ìlà-oòrùn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìkòkò gbọ́dọ̀ sún tẹ̀lé e. (Àkókò tí ó dára jù fún un ni ìrun Àìlà wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn sún ìkòkò, tàbí kí ẹ fi aṣọ bò ó kí ẹ lọ kírun.)

Lójú tiwa, ẹni tí ó bá lówó dígí tí ó jin bí abọ́, kí ó lo dígí. Ó ṣe é dojú kọ oòrùn níbikíbi tí ó bá wà, kò sì ń gba ooru mu bí omi. Ọ̀rá àti omi wà fún ẹni tí kò rówó dígí rà, àti fún kíláàsì tí ó fẹ́ fi ojú rí ohun tí Ibn Sahl kọ.

Ẹ má ṣe tẹjú mọ́ ojú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé, ó lè ba ojú jẹ́. Ẹ má fi ọmọdé sítòsí, ẹ má fi koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ láìsí olùṣọ́; oòrùn kò mọ̀ pé ẹ ti jẹun tán. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ da omi náà sínú kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ̀ka tí ó bá ṣe é, kí ó kọ ọjọ́, aago tí wọ́n gbé lítà omi kan kalẹ̀, aago tí ó hó, àti bí ojú ọ̀run ṣe rí, kí ó fi ránṣẹ́ sí wa.