Òfófó Yàtọ̀ sí Ẹ̀rí Òtítọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ọ̀ràn Oògùn Neurontin

Àwọn àgbà wa sọ pé òfófó kò gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Òwe yìí wà lára ohun tí a fi ń tọ́ ọmọ nílé, àwọn olùkọ́ wa sì fi tọ́ àwa náà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dàgbà tí ó sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, ó lè rí ohun tí ń pa aláìmọ̀kan lára, kí ó sì dákẹ́, nítorí ó rò pé òfófó ni bí òun bá sọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ti di apoògùn, nọ́ọ̀sì, dókítà àti aṣojú ilé iṣẹ́ oògùn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ̀ wò.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí ń jẹ́ Neurontin. Iṣẹ́ kan ni wọ́n fún un láṣẹ láti ṣe: kí a máa lò ó mọ́ oògùn mìíràn fún irú warápá kan. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ náà, dókítà lè lo òye rẹ̀ láti fún aláìsàn ní oògùn fún àìsàn tí kò sí nínú ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ó ni oògùn náà kò gbọdọ̀ polówó rẹ̀ fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Bí a bá gba ọlọ́jà láyè láti sọ ohun tí kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí ni yóò tún mú un náwó sí ìwádìí?

Ní ọdún 1996, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, David Franklin, gba iṣẹ́ ní Parke-Davis, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ Warner-Lambert. Wọ́n ní kí ó máa ṣàlàyé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún àwọn dókítà. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé ọjà ni wọ́n rán òun láti tà. Wọ́n ń polówó Neurontin fún ẹ̀fọ́rí túúlu, fún oríṣiríṣi ìrora, àti fún àrùn ọpọlọ. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ níkẹyìn pé, nínú ìwádìí kan lórí irú àrùn ọpọlọ kan, oògùn asán tí kò ní èròjà kankan ṣiṣẹ́ tó Neurontin tàbí jù ú lọ. Ilé iṣẹ́ náà sanwó fún àwọn dókítà láti wá jẹ oúnjẹ olówó ńlá, ó sì kó àwọn mìíràn lọ sí Hawaii, sí Florida àti sí ìdíje Òlíḿpíìkì ti Atlanta, ó pè é ní ìpàdé àwọn olùdámọ̀ràn. Òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Franklin fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kó àwọn ìwé àti ohùn tí àwọn ọ̀gá fi sórí fóònù jọ, ó sì pe ẹjọ́ ní Massachusetts lábẹ́ òfin tí Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí ní ọdún 1863, nígbà ogun abẹ́lé, nítorí àwọn tí ń fi ọjà rẹ́ ìjọba jẹ. Òfin yìí fún ẹni tí ó bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ láyè láti pe ẹjọ́ ní orúkọ ìjọba, kí ó sì gba ìpín nínú owó tí a bá gbà padà. Owó ìlú ni a fi ń ra oògùn fún àwọn tálákà. Bí èké bá mú kí a rà á lọ́nà àìtọ́, àpò ìlú ni a jà lólè.

Ọdún 8 ni ẹjọ́ náà gbà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, Warner-Lambert, tí Pfizer ti rà ní ọdún 2000, gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì san mílíọ̀nù 430 dọ́là. Ìpín Franklin lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là.

Ìyàtọ̀ mẹ́ta

Èkíní, olófòófó ń wá ojú rere ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìí ń gbèjà ẹni tí kò sí níbẹ̀. Aláìsàn tí ó gbé Neurontin mì kò sí nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣe dókítà lálejò. Ẹnìkan lè wí pé Franklin ṣáà gba owó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní ọdún 1996, iṣẹ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó dájú, owó kò dájú.

Èkejì, olófòófó a máa sọ ohun tí ó gbọ́. Ẹlẹ́rìí a máa mú ìwé wá.

Ẹ̀kẹta, olófòófó a máa sọ ọ́ káàkiri. Ẹlẹ́rìí a máa lọ sí ibi tí agbára àtúnṣe wà. Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC ni a gbé iṣẹ́ àbójútó oògùn àti ìpolówó rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Òfin kẹsàn-án tí a há sórí nígbà èwe kò lòdì sí ẹ̀rí. Ẹ̀rí èké ni ó lòdì sí. Ìwé Léfítíkù orí karùn-ún tilẹ̀ ka ìdákẹ́ ẹlẹ́rìí sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ yìí kí ó tó kúrò nílé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ti di ọ̀gá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yín sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ sọ òtítọ́, kí ó má baà jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ni yóò ti kọ́kọ́ rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.