Ẹ Ka Ọkọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Wọ̀ Ọ́

Ọ̀RỌ̀ TUNTUN INÚ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Tòkunbọ̀: ọkọ̀ àlòkù tí a kó wá láti òkè òkun.

Ìpèpadà: kí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ kéde pé àléébù wà lára rẹ̀, kí ó sì ní kí àwọn tí ó ni ín gbé e wá fún àtúnṣe.

Nọ́ńbà ṣáàsì: nọ́ńbà tí a kọ sára ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Kì í ṣe nọ́ńbà tí a ń kàn mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀.

Àpò afẹ́fẹ́: àpò tí a ká sínú sítíárìn, tí ó máa ń wú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan.

1. Ọ̀nà wa

Ẹ̀yin ará Ìkirè àti Apòmù, ẹ mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà yìí ni a ń gbà kó kòkó, ata àti dòdò Ìkirè lọ sọ́jà. Òun náà ni a ń gbà lọ òde, lọ ilé ìwòsàn, lọ wo àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ti pa ènìyàn púpọ̀. Ní 1977, nígbà tí ìlú wa méjèèjì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìjọba dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, a máa ń sọ pé: "Dírẹ́bà ló sáré jù." Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ní àrùn. Ó sì lè jẹ́ pé àrùn náà ti wà ní kíkọ sílẹ̀ kí ọkọ̀ ọ̀hún tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá mọ̀wé kà lè rí i. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

2. Lẹ́tà tí kò dé Ìkirè

Ilé-iṣẹ́ ńlá náà máa ń ṣe àṣìṣe. Ó lè ta ọkọ̀ tán kí ó tó rí i pé bíréèkì rẹ̀, tàbí ohun mìíràn nínú rẹ̀, kò dára tó. Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kéde àléébù náà. Á kọ lẹ́tà sí àwọn tí ó ni ọkọ̀, á sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ ìjọba tí ń bójú tó o ni NHTSA.

Ilé ẹni tí ó ni ọkọ̀ lọ́hùn-ún ni lẹ́tà náà ń lọ. Bí onítọ̀hún bá ti ta ọkọ̀ náà ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ó ti gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí Kùtọnu, tí ẹnì kan sì ti rà á ní Apòmù ńkọ́? Ọkọ̀ ti sọdá òkun, lẹ́tà kò sọdá. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ náà báyìí kò gbọ́ nǹkan kan.

3. Àpò tí ó ń pa ni

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Japan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Takata. Ó ṣe àpò afẹ́fẹ́ fún Toyota, Honda, àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Iṣẹ́ tí àpò náà wà fún dára. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ẹ̀tù tí ó wà nínú agolo irin kékeré kan á gbiná. Afẹ́fẹ́ tí ó jáde níbẹ̀ á fẹ́ àpò náà kí a tó ṣẹ́jú, á sì gba orí àti àyà awakọ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tí Takata lò kò fẹ́ ooru àti ọ̀rinrin. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá gbiná, agbára rẹ̀ á pọ̀ jù. Agolo irin náà á fọ́, àfọ́kù rẹ̀ á sì ta sí ojú àti ọrùn awakọ̀ bí ọta ìbọn. Ju ènìyàn 25 lọ ni ó ti kú báyìí ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan kú ní Malaysia pẹ̀lú, ilẹ̀ tí ooru àti òjò ti pọ̀ bíi tiwa.

Ní 2008 ni Honda bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ̀ padà nítorí àpò yìí. Nígbà tí ó yá, àwọn àpò tí a pè padà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 100. Kò sí ìpèpadà ọkọ̀ tí ó tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbèsè wó Takata lulẹ̀ ní 2017. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Toyota tún kìlọ̀ ní Amẹ́ríkà nípa nǹkan bí ọkọ̀ 50,000: Corolla àti Matrix ti 2003 àti 2004, àti RAV4 ti 2004 àti 2005, èyí tí àpò wọn kò tíì ní àtúnṣe. Ó ní kí àwọn tí ó ni wọ́n má wà wọ́n mọ́ rárá.

Ẹ wo ojú títì wa. Ṣé Corolla àti Matrix ṣọ̀wọ́n níbẹ̀? Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní àrùn yìí. Àwọn mìíràn sì ti gba àtúnṣe kí a tó kó wọn wá. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó ní in. Nọ́ńbà ṣáàsì ni yóò sọ fún wa.

4. Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà ṣáàsì

Ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ní ọwọ́ awakọ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà náà láti ìta. Ó tún máa ń wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀.

Ẹ kà á láti ọwọ́ òsì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 17. Kò ní I, kò ní O, kò ní Q, kí a má baà ṣì wọ́n kà. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí a ti ṣe ọkọ̀: J ni Japan, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà. Nínú ọkọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, ẹ ka dé orí ẹ̀kẹwàá. Òun ni ó ń sọ ọdún ọkọ̀: 3 ni 2003, 4 ni 2004, 5 ni 2005.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ kò lè rí ìpèpadà nínú nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ẹ fún ẹni tí ó ní fóònù tí ó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó tẹ̀ ẹ́ sí nhtsa.gov/recalls. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí a tà ní Amẹ́ríkà, wọ́n á sọ bí ìpèpadà kan bá wà tí a kò tíì ṣe àtúnṣe rẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Bí wọ́n bá ní ó wà, ẹ gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe. Bí ìkìlọ̀ bá ní kí a má wà á, ẹ gbé e kalẹ̀ ná. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníkì ẹ̀bá títì tú àpò náà. Ẹ̀tù ló wà níbẹ̀. Ẹ má sì ra àpò tí a tú lára ọkọ̀ tí ó ti kú.

5. Níbi tí a ti ń ta ọkọ̀

Ìyá oníṣòwò kan lè bá ara rẹ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí:

"Màmá, ọkọ̀ yìí ò ní ìyọnu kankan. Ẹ gbé e lọ."

"Ẹ ṣeun, Alhájì. Iná tí wọ́n kọ SRS sí yìí, kí ló dé tí kò kú?"

"Ẹ má dá ìyẹn lóhùn. Ẹ ní kí mẹkáníkì yín yọ gílóòbù rẹ̀."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n kọ nọ́ńbà ṣáàsì sílẹ̀ ná. Tí ọmọ mi bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, mo máa padà wá."

Ìyá yìí gbọ́n. Iná SRS jẹ́ ti àpò afẹ́fẹ́. Bí a bá ṣí ọkọ̀, ó yẹ kí ó tàn, kí ó sì kú láìpẹ́. Bí kò bá kú, àléébù wà. Bí kò bá tàn rárá, ẹ fura: ẹnì kan lè ti yọ gílóòbù. Ẹni tí ó yọ gílóòbù kò wo àrùn. Ẹnu aláìsàn ni ó dì.

6. Àléébù tí a lè rí fúnra wa

Táyà: Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin lára rẹ̀. 1219 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2019. Àjọ FRSC ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà ju ọdún 4 lọ láti ìgbà tí a ti ṣe é. Táyà tí ń dán lè ti gbó.

Bíréèkì: Bí ó bá ń han bí irin tí ń họ irin, tàbí bí ẹsẹ̀ bá ń rì wọlẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má rìnrìn àjò. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí afárá odò Ọ̀ṣun ni ó yẹ kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Omi rédíétọ̀: Bí ẹńjìnnì bá gbóná jù, ẹ dúró, ẹ pa á. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù. Omi gbígbóná á bó ojú.

Rọ́ọ̀gì abẹ́ ẹsẹ̀: Ní 2009, Toyota pe bíi mílíọ̀nù 3.8 ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà, nítorí pé rọ́ọ̀gì lè há mọ́ ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré. Ẹ má tẹ́ rọ́ọ̀gì lé rọ́ọ̀gì lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ máa de bẹ́líìtì ìjókòó.

7. Ẹ̀tọ́ wa

Òfin tiwa náà wà. Òfin ọdún 2018 tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ sọ pé ẹni tí ó ṣe ọjà, tàbí tí ó kó o wọlé, gbọ́dọ̀ kéde bí ó bá mọ̀ pé ọjà náà léwu. Ẹ lè kọ ìwé ẹ̀sùn sí àjọ náà. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, 122 ni nọ́ńbà FRSC.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ lọ sí ìdí ọkọ̀ yín lónìí.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìpèpadà?
2. Kí ló dé tí lẹ́tà ìpèpadà kì í fi í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ra tòkunbọ̀?
3. Kí ni ooru àti ọ̀rinrin ń ṣe sí ẹ̀tù inú àpò Takata?
4. Wọ́n kọ 3320 sára táyà kan. Ọdún wo ni a ṣe é? Ṣé ó ṣì dára láti lò?
5. Ẹ kọ nọ́ńbà ṣáàsì ọkọ̀ kan tí ẹ mọ̀ sílẹ̀. Ṣé ó pé 17? Kí ni ẹ̀kẹwàá rẹ̀?