Gbogbo Ohun Tójú Rí Kọ́ Lẹnu Ń Sọ

Àwọn àgbà ní gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Àwọn náà ló tún sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àárín òwe méjèèjì ló yẹ kí ìlànà tí ilé iṣẹ́ bá ṣe lórí Facebook, WhatsApp àti TikTok dúró sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló gbọ́ òwe kìíní tó di etí sí ìkejì. Wọn á lẹ ìwé mọ́ ògiri pé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun nípa ilé iṣẹ́ lórí ayélujára, ó parí. Èmi ò gbà pé ìlànà nìyẹn. Ìdẹ́rùbani ni, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni lóhun tó yẹ kó ṣe nígbà tí fóònù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìwòsàn aládàáni kan, irú èyí tó kún àdúgbò n'Ìbàdàn. Ọjọ́ ìbí nọ́ọ̀sì kan pé. Wọ́n gbé kéèkì sórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbé e sórí status. Kò sẹ́ni tó ní ibi lọ́kàn. Ẹ wá wo ẹ̀yìn kéèkì: pátákó funfun wà níbẹ̀, wọ́n kọ bẹ́ẹ̀dì 4 sí i, orúkọ bàbá kan, àìsàn tó ń ṣe é àti aago tí wọ́n máa fún un lábẹ́rẹ́. Status á pa rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tọ́jú fọ́tò náà sórí fóònù tirẹ̀ kò ní pa á rẹ́. Kílẹ̀ tó ṣú, ẹni tí bàbá náà ò fẹ́ kó gbọ́ ti gbọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ò fọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Abala 26 rẹ̀ sọ pé àìsàn tó ń ṣèèyàn, ìtọ́jú tó gbà, títí kan pé ó tilẹ̀ dúró sílé ìwòsàn, àṣírí ni, àyàfi tó bá fọwọ́ síwèé tàbí tí òfin bá pàṣẹ. Nítorí náà, "Ẹ bá wa kí ìyá ìbejì wa tuntun" tí ẹ kọ sábẹ́ fọ́tò, bí ìyá náà ò bá fọwọ́ sí i, ẹ ti tú àṣírí. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 tún wà níbẹ̀. Bí àṣírí tó lè pa èèyàn lára bá jò, wákàtí 72 ni ilé iṣẹ́ ní láti fi sọ fún NDPC, àjọ tó ń mójú tó ààbò dátà. Ìtanràn ilé iṣẹ́ kékeré lè dé mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Tàwọn ńlá lè dé mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 náà, èyí tó bá pọ̀ jù.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn, ẹ dárúkọ ohun tẹ́ ò fẹ́ rí lórí ayélujára ní pàtó: wọ́ọ̀dù, tíátà, fáìlì, pátákó, ojú aláìsàn, ohùn rẹ̀. Ní ilé ìwé, ojú ọmọ ni yóò ṣáájú, torí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fún ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ibi tí wọ́n ti lè ya fọ́tò, nítorí wọ́n á yà á. Ẹ kọ ìwé ìlànà náà lédè Yorùbá pẹ̀lú, kó lè yé gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan mẹ́gádì. Mẹ́gádì ló kọ́kọ́ ń rí ẹni tó wọlé, fóònù sì wà lọ́wọ́ òun náà.

Òwe kejì, ti ẹni tó bá dákẹ́, ló ṣòro fún àwọn ọ̀gá. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ lówó oṣù mẹ́ta, tó wá pariwo lórí Facebook, kò tú àṣírí aláìsàn kankan. Abala 39 ìwé òfin 1999 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ẹ má kọ òfin tó ní kó panu mọ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè gbé ẹjọ́ lọ bá, àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un lésì. Ọ̀pọ̀ ariwo tó dé ayélujára ló ti kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ọ́fíìsì tí kò sẹ́ni dáhùn. Ẹ má sì bi òṣìṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ aṣínà fóònù rẹ̀, ẹ má dá sí ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbè lẹ́yìn lójú ìwé tirẹ̀.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ sọ towó oṣù yín, ẹ má fa aláìsàn wọ̀ ọ́, ohun tẹ́ ẹ ní ẹ̀rí rẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ sọ. Ìdí ni pé abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, làwọn ọlọ́pàá ti fi mú akọ̀ròyìn àti aráàlú.

Bí ẹnì kan bá wá ṣẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ fún un níwèé wá-wí-tẹnu-ẹ, kẹ́ ẹ fún un láyè kó dáhùn. Ẹ ya àṣìṣe kéèkì sọ́tọ̀ sí ti ẹni tó ta fáìlì. Ọ̀gá míì á sáré gé owó oṣù. Òfin Iṣẹ́ wa kò fàyè gba kí wọ́n yọ ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́ tí òfin náà kàn.

Ọ̀gá gan-an ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ìlànà náà, torí òun ló sábà ń gbé fídíò iṣẹ́ abẹ sójú ìwé ilé ìwòsàn láti fi polówó. Ojú ìwé yẹn náà, nọ́ńbà ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣí i, kì í ṣe ti ọmọ tó ń bá yín bójú tó o, kí èèyàn méjì sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà kó tó jáde ní géètì.