Onílé Tí Kò Bá Fura: Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹ̀rọ Afura Ara Ilẹ̀kùn àti Fèrèsé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: pàǹsá kò fura, pàǹsá já iná; àjà kò fura, àjà jìn; onílé tí kò bá fura, olè ni yóò kó o. Àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Samaru, ní Zaria, ti rí ìdí òwe yìí. Nígbà tí a ń lọ sílé fún ìsinmi Kérésìmesì tí ó kọjá, a ti ilẹ̀kùn, a fi àgádágodo ńlá sí i, a sì kó kọ́kọ́rọ́ sápò. Nígbà tí a padà dé, àgádágodo wà níbi tí a fi í sí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, sílíńdà gáàsì wa àti àpótí aṣọ kan ti lọ. Nínú kọ̀ǹpútà yẹn ni orí mẹ́ta nínú iṣẹ́ àṣekágbá ọ̀kan lára wa wà, kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni a fẹ́ fi tó yín létí. Ó dá lórí ẹ̀rọ kékeré tí kò ní wáyà, tí à ń fi sára ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, tí ó sì máa ń ké sí áláàmù bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Òyìnbó ń pè é ní sẹ́nsọ̀. Kàdúná ni àwa tí a ń kọ èyí dàgbà sí, Yorùbá inú ilé ni a gbọ́. Nítorí náà, bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí ẹ̀yin tí ẹ ti Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú wá bá wa tún un ṣe. Inú òwe òkè yìí ni a ti fa orúkọ yọ fún un: a pè é ní afura.

LÁTI ORÍ ÀÀLÈ DÉ ORÍ AFURA

Kì í ṣe òní ni ìran wa ti ń ṣọ́ ohun ìní. Bí ènìyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ sínú oko tí kò sì lè rù ú lọ lọ́jọ́ náà, yóò fi ààlè lé e. Ó lè jẹ́ àkísà, ó lè jẹ́ ìkarahun ìgbín tàbí ṣùkù àgbàdo tí a so rọ̀. Ààlè ń bá olè sọ̀rọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan. Áláàmù kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí olè bá ti fọwọ́ kan nǹkan ni ó tó lanu, onílé àti aládùúgbò ni ó sì ń ké sí.

Ní 1853, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Augustus Russell Pope, ará Somerville ní Massachusetts, Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí áláàmù tí ń lo iná mànàmáná. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, iná yóò kọjá, òòlù kékeré yóò sì máa lu agogo. Edwin Holmes ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1857, ó sì sọ ọ́ di òwò. Wáyà ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nígbà náà. Ní 1936 ni Walter Ellwood, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun kékeré tí ó ṣì jẹ́ ọkàn afura títí di òní. Ohun náà ni a fẹ́ ṣàlàyé báyìí.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ọ̀nà méjì ni afura pín sí. Apá kan jẹ́ òòfà lásán tí wọ́n fi ike bò. Apá kejì ni olórí: inú rẹ̀ ni bátìrì wà, àti ẹ̀rọ rédíò kékeré, àti ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ti dí lórí dí nídìí. Nínú ìgò yìí ni ahọ́n irin méjì wà, tí orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Bí òòfà bá wà nítòsí, yóò fa ahọ́n méjèèjì pọ̀, wọn yóò sì fẹnu kanra. Bí òòfà bá jìnnà, wọn yóò yà. Yíyà yìí ni ó ń jí ẹ̀rọ rédíò lójú oorun. Yóò ju àmì kan sínú afẹ́fẹ́, ìyá áláàmù tí ó wà nínú ilé yóò gbọ́ ọ, yóò sì figbe ta. Púpọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kò pọ̀ ń lo ìgbì rédíò 433 MHz. Àwọn mìíràn ń lo 868 MHz tàbí 2.4 GHz. Nítorí pé oorun ni afura máa ń sùn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bátìrì kékeré kan lè gbé e tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a di ohun kan mú níhìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni afura mọ̀: bóyá òòfà wà nítòsí òun tàbí kò sí nítòsí. Kò mọ olè, kò mọ onílé, kò mọ atẹ́gùn. Gbogbo ohun tí ó kù, ọwọ́ ènìyàn ni ó wà.

BÍ A ṢE Ń FI Í SÍ

Èkínní, ẹ fi ọmọ han ìyá. Kí ẹ tó lẹ afura mọ́ ibikíbi, ẹ fa ọ̀rá pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dí ẹnu bátìrì yọ. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń kọ́ ìyá áláàmù, kí ẹ wá mú òòfà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ afura. Iná kékeré yóò ṣẹ́jú, ìyá yóò sì dáhùn. Láti ìgbà náà lọ, ó ti mọ ohùn ọmọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti aládùúgbò. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni yóò sọ bọ́tìnì tí ó jẹ́ fún yín; ẹ má jù ú nù.

Èkejì, ẹ yan ibi tí ó tọ́. Inú ilé ni afura ń gbé, kì í gbé ìta. Òòfà ni kí ẹ fi sára ilẹ̀kùn tí ń lọ tí ń bọ̀. Olórí ni kí ẹ fi sára férémù tí kò kúrò lójú kan, kí gbígbá ilẹ̀kùn má baà máa mì ín. Òkè ni ó dára, ní ìhà ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà. Ìhà kejì, níbi tí ilẹ̀kùn fi kọ́ òpó, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣípò. Ènìyàn lè ti orí àti èjìká wọlé kí òòfà ibẹ̀ tó jìnnà tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ wọn àlàfo. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ fi téèpù lásán gbé apá méjèèjì síbẹ̀ ná. Àmì kékeré wà lára wọn. Kí àmì kọjú sí àmì. Bí ìwé ẹ̀rọ kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹ má jẹ́ kí àlàfo àárín wọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Bí férémù bá yọ síwájú ju ilẹ̀kùn lọ, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ gbé òòfà jáde kí wọ́n lè dọ́gba.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ra fún irin. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ní àdúgbò wa jẹ́ ti irin, irin a sì máa gba agbára òòfà mọ́ ọn lọ́wọ́, a sì máa dí rédíò lọ́nà. Ẹ fi pákó tàbí ike tí ó nípọn díẹ̀ sáàárín irin àti ẹ̀rọ, kí ẹ sì dín àlàfo kù. Ayọ́míníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe fèrèsé síláìdì kò ní wàhálà ti òòfà yìí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ nu ojú ibẹ̀ dáadáa. Ní ìlú ọyẹ́ bí tiwa, eruku ni ọ̀tá téèpù. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ fi sípírítì díẹ̀ nù ún, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bó téèpù ojú méjì, kí ẹ sì tẹ ẹ̀rọ mọ́ ọn títí ẹ ó fi ka ọgbọ̀n. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ń yọ ẹfun sí yín lọ́wọ́, ẹ má dààmú téèpù. Sìkúrù kékeré méjì ni kí ẹ lò.

Ẹ̀kẹfà, ẹ dán an wò. Ẹ rọra ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Áláàmù gbọ́dọ̀ ké kí àyè tó tó tí apá ènìyàn lè fi wọlé. Ẹ tún un ṣe nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn yàrá bá wà ní títì. Ẹ máa dán an wò lóṣooṣù, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kò pọ̀ kì í kéde pé bátìrì àwọn ti kú. Bátìrì tí ó rí pẹlẹbẹ bí owó wẹ́wẹ́, ẹ má fi sílẹ̀ níbi tí ọmọdé wà. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó o nínú láàrin wákàtí díẹ̀.

IBI TÍ AFURA KÒ TI LÈ RAN NI LỌ́WỌ́

Báwo ni olè ṣe wọ yàrá wa? Kò ṣí ilẹ̀kùn. Lúfà ni fèrèsé ẹ̀yìn wa, kò sì ní irin. Ó yọ gíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sídìí ògiri bí ẹni to àwo, ó sì wọlé. Bí afura mẹ́wàá bá wà lára férémù fèrèsé náà, kò sí èyí tí yóò fọhùn, nítorí pé férémù kò ṣípò. Fèrèsé tí ń ṣí lápapọ̀ ni afura wà fún, ìbáà ṣe ti síláìdì tàbí ti pákó. Ní ti lúfà, irin ojú fèrèsé ni kí ẹ fi sí i. Kí ẹ sì ra ẹ̀rọ kejì tí à ń gbé sí igun yàrá, èyí tí ó máa ń mọ̀ bí ooru ara ènìyàn bá ń rìn kọjá. Bí irin yín bá ní ibi tí ó ń ṣí, ẹ má jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jìnnà sí ibùsùn, nítorí ọjọ́ iná.

Ìyá áláàmù náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ ra èyí tí ó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, nítorí pé olè kì í dúró de iná mànàmáná. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń fi síìmù pe fóònù yín, ẹ máa wo owó ìpè orí rẹ̀. Síìmù tí kò lówó kò yàtọ̀ sí ajá tí a so lẹ́nu.

ÀṢÌṢE TIWA

Àlàfo sẹ̀ǹtímítà méjì ni a kọ́kọ́ fi sílẹ̀, a ní kò burú. Ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀kùn pákó wa, ó ń mì nínú férémù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni atẹ́gùn jẹ́ kí ó figbe ta ní òru. A tún un wọ̀n, ó sì dákẹ́. Kí ẹ tún wọn tiyín nígbà tí òjò bá dé, nítorí pé pákó a máa wú.

Àṣìṣe kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta, àwa méjì lọ kàwé òru. Ẹnì kẹta wa ti ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ó ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò ní rìmóòtù. Bí ó ti ṣí ilẹ̀kùn ni áláàmù bú sígbe. Iná kò sí, òkùnkùn bolẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àgbàlá kejì fò wá pẹ̀lú igi àti irin. Wọ́n ti gbá a létí, wọ́n ti fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya, kí màígádì wa tó sáré dé tí ó ń pariwo pé, “Ɗan gidan nan ne!” Ọmọ ilé yìí ni! Ẹni tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ bá kọ̀ǹpútà lọ ni ó tún gba ìgbájú olè.

A kò sùn lóru náà. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa ni Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, níbi tí èrò ti lu akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin pa ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, 2012, tí wọ́n sì dáná sun wọ́n, nígbà tí wọ́n ti pè wọ́n ní olè. Afura wa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìkù síbì kan: òòfà jìnnà, ó ké. Àwa ni a kò ṣe tiwa.

Ní ọjọ́ kejì, a ṣètò ẹ̀rọ náà kí ó máa dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó ké, kí onílé lè rí àyè pa á. Olúkúlùkù wa gba rìmóòtù tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a lọ kí àwọn aládùúgbò láti ojúlé dé ojúlé, tí a sọ orúkọ wa, tí a sì jẹ́ kí wọ́n mọ ojú wa. A fohùn ṣọ̀kan pé bí áláàmù bá ké, kí a tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ẹni náà, kí a béèrè orúkọ rẹ̀, kí a sì pe màígádì. Bí ó bá jẹ́ olè lóòótọ́, ọlọ́pàá ni a ó fà á lé lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ sókè. Kò ná wa ní kọ́bọ̀, ó sì yẹ kí ó ṣáájú ìgbà tí a ra ẹ̀rọ.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ló dé tí a fi ń fi òòfà sára ilẹ̀kùn, tí a sì ń fi olórí afura sára férémù?
2. Ẹ wo fèrèsé yàrá yín lónìí. Ǹjẹ́ afura lè ṣọ́ ọ? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
3. Bí áláàmù yín bá ké ní òru òní, àwọn wo ni yóò dé? Ǹjẹ́ wọ́n mọ ojú yín?

Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta, kí ó má tíì ra ẹ̀rọ. Kí ó kọ́kọ́ lọ kí aládùúgbò rẹ̀. Kí Olódùmarè máa ṣọ́ wa o. Ire o.