Bí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yín bá dúró gbagidi níbi tó ti ń jí, ẹ má tíì ní kí wọ́n fọ́mátì ẹ̀

Àwọn oníṣòwò tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ máa mọ ohun tí à ń sọ yìí dáadáa. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é yọ lójú ẹ̀, ló bá dúró gbagidi. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ á sáré pe ẹnjinníà, ohun tí ẹnjinníà mí-ìn sì máa kọ́kọ́ sọ ni pé fọ́mátì ló máa gbà.

Ẹ fara balẹ̀ ná. Tí wọ́n bá fọ́mátì kọ̀ǹpútà, wọ́n á nu ohun tó wà nínú hard disk ẹ̀ kúrò, wọ́n á sì to Windows mí-ìn sí i. Orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó, àkọsílẹ̀ ọjà, iṣẹ́ tí oníbàárà ti san àsansílẹ̀ lé lórí, gbogbo ẹ̀ lè bá a lọ. Ẹ lè rí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ rà ní Computer Village, n'Ìkẹjà, ṣùgbọ́n wọn kì í ta àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta níbẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ náà ti dúró ló máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 títí tó fi máa kú. Ẹ yọ flash, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti modem kúrò lára ẹ̀, kó ku kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti ojú ẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ wá tún un tàn. Flash kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbàgbé sẹ́yìn ẹ̀ lè mú kó máa wá Windows níbi tí kò sí.

Tó bá jẹ́ pé kí àmì Windows tó yọ rárá ló ti dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nínú ẹ̀rọ gan-an ni wàhálà wà. Bí ọjọ́ tó ń gbé jáde bá jẹ́ ti ọdún tó ti kọjá tipẹ́, tó sì ní kẹ́ ẹ tẹ F1, bátìrì róbótó inú ẹ̀ tó dà bíi kọ́ìnsì, CR2032, ló ti kú. Ìyẹn kò le. Bó bá ń ké píì píì, ẹ fura sí RAM. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀, ẹ yọ RAM, kẹ́ ẹ fi rọ́bà táwọn ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́ nu ẹnu ẹ̀ tó pọ́n bíi góòlù, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ padà dáadáa. Lásìkò ọyẹ́, eruku nìkan tó láti dá a sílẹ̀. Àmọ́ ẹ má tú àpótí tí wáyà iná wọ̀ sí o, iná ṣì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́.

Bó bá jẹ́ pé àmì Windows yọ kó tó dúró, ẹ tẹ́tí sí i. Tí hard disk bá ń dún kó-kó-kó, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má tàn án mọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un tàn lẹ lè máa ba fáìlì jẹ́ sí i. Kí ẹni tó mọṣẹ́ yọ ọ́, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mí-ìn, kó kó fáìlì yín jáde.

Tí kò bá dún, ẹ gbìyànjú Safe Mode. Lórí Windows 7 sẹ́yìn, F8 lẹ máa tẹ̀. Lórí Windows 10 àti 11, tẹ́ ẹ bá fi bọ́tìnì pa á lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta níbi tó ti ń jí, ojú ìwé àtúnṣe máa yọ. Ẹ mú Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kẹ́ ẹ wá tẹ 4. Tó bá ṣí, ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín sí flash, lẹ́yìn náà lẹ máa yọ ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sí i kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀.

Ní tiwa níbí, iná ló sábà máa ń dá irú ẹ̀ sílẹ̀. Kí NEPA mú iná lọ lójijì nígbà tí Windows ń kọ nǹkan sórí hard disk lè ba fáìlì tó fi ń jí jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn ti ní ààbò torí pé wọ́n ra stabilizer. Stabilizer kì í ṣe UPS o. Kì í mú iná dúró tí iná bá lọ. UPS ló máa fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ fi pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa fi ṣiṣẹ́ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì wá já sí fọ́mátì lóòótọ́, ẹ bá ẹnjinníà dúnàádúrà owó fáìlì kíkó lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì dúró tì í. Ẹ ní kó ṣí fáìlì méjì mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà mí-ìn lójú yín, kẹ́ ẹ rí i pé ó ṣeé kà, kẹ́ ẹ tó ní kó máa fọ́mátì lọ.